Igbó, schizophrenia àti ọpọlọ: ohun tí àwòrán orí lè sọ àti èyí tí kò lè sọ

Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tí kò rí oorun sùn, tó ń sọ pé àwọn ará àdúgbò ń ṣọ́ òun, ìbéèrè méjì ni àwọn òbí sábà máa ń gbé tọ dókítà lọ. Ṣé igbó tó ń fà ló dá a sílẹ̀, àbí schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, kó sì máa fura láìnídìí, ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Èkejì: ẹ ò ṣe ya àwòrán orí rẹ̀, kí a lè rí ibi tó ti bàjẹ́? Àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè méjèèjì láti bí àádọ́ta ọdún. Ohun tí wọ́n rí pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń retí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré nílé wa. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ oníṣirò ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe lórí ọdún 2017 sọ pé ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn. Ìpínlẹ̀ àwa Yorùbá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ga jù, ìdá 22.4. Igbó ló sì ṣáájú gbogbo wọn, pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn.

Ohun tí àwòrán ń fi hàn

Ní 1976, Eve Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Northwick Park, ní London, fi ẹ̀rọ CT, tó ń fi ìtànṣán X ya àwòrán inú ara, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde nígbà náà, wo orí àwọn aláìsàn 17 tí schizophrenia ti bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn 8 tí ara wọn dá. Àwọn ihò olómi tó wà láàárín ọpọlọ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n tún rí i pé bí ihò náà bá ṣe fẹ̀ tó ni ìdánwò ìrònú ṣe ń nira fún aláìsàn tó. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tó gbà pé ìyá tàbí ilé tí wọ́n ti tọ́ ènìyàn ló ń fa àìsàn yìí kò kéré. Iṣẹ́ náà yí ọ̀rọ̀ padà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ MRI dé, tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán, àwọn orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán wọn pọ̀. ENIGMA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kó àwòrán orí àwọn aláìsàn 2,028 àti àwọn aláìlárùn 2,540 jọ ní 2016. Ní 2018, wọ́n gbé òmíràn jáde lórí èèpo òde ọpọlọ, pẹ̀lú aláìsàn 4,474. Èèpo náà fẹ́lẹ́ sí i, pàápàá níwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Hippocampus, ibi tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀, kéré. Ihò olómi fẹ̀, bí Johnstone ṣe wí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ohun tí "kéré" túmọ̀ sí níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ká ní ẹ mú ẹnì kan tó ní àìsàn náà àti ẹnì kan tí kò ní, tí ẹ kò mọ èwo ni èwo, tí ẹ sì ń sọ nígbà gbogbo pé ẹni tí hippocampus rẹ̀ kéré ni aláìsàn. Pẹ̀lú ìyàtọ̀ tí ENIGMA rí, ẹ máa gbà á nǹkan bí ìgbà 63 nínú 100. Ẹni tó kàn ju owó ẹyọ sókè, tó ń mú orí tàbí ìdí, yóò gbà á nígbà 50. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwọ̀n àwọn méjèèjì ló wọnú ara wọn. Nítorí náà, ó dájú pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹgbẹ̀rún aláìsàn àti ẹgbẹ̀rún aláìlárùn. Ṣùgbọ́n lórí ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó níwájú dókítà, àwòrán kò lè dájọ́.

Kí wá ni wọ́n ń ya àwòrán fún? Kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn ni. Ẹni tó já lulẹ̀ lórí ọ̀kadà lóṣù méjì sẹ́yìn lè ní ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú orí. Kókó lè wà nínú ọpọlọ. Ẹni tí orí ń fọ́ tó sì ń bì láàárọ̀, ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ẹni tí gìrì mú, ẹni tí ibà kò kúrò lára rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ sì gan, tàbí ẹni tí ìṣesí rẹ̀ ṣàdédé yí padà lẹ́yìn ọmọ ọdún 50: irú àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n sáré ya àwòrán fún. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú wọn ní Nàìjíríà. Owó ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wà. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí a kà yìí, oògùn oṣù mẹ́fà ni kí ìdílé fi owó náà rà.

Kí ló ń dín ọpọlọ kù?

Oríta tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ọmọdé ju èyí tó nílò lọ. Láti ìgbà tó bá ti ń bàlágà títí wọ nǹkan bí ọmọ ọdún 25, ọpọlọ á máa já èyí tí kò wúlò kúrò, bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó pọ̀ jù nínú ihò kan tu kí èyí tó kù lè ráyè yọmọ. Àwọn onímọ̀ ń fura pé lọ́dọ̀ àwọn tí schizophrenia máa mú, ìjákúrò yìí ń kọjá ààlà. Ọjọ́ orí tí àìsàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bá a mu: láti ìparí ọdún ọ̀dọ́langba sí ọdún bíi 30. Ní 2016, ìwádìí lórí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní C4 fi hàn pé ohun tí ara fi ń sàmì sí kòkòrò àrùn kó lè pa á náà ló ń sàmì sí oríta tí ọpọlọ yóò já. Ẹni tí irú kan nínú jíìnì náà bá pọ̀ lára rẹ̀, ewu rẹ̀ ga díẹ̀. Díẹ̀ ni o, torí ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì ló lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tó dá a ṣe. Lọ́dún 2020, Ellis Chika Onwordi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi PET, ẹ̀rọ àwòrán tó ń tọpa kẹ́míkà nínú ara, wọn purotéènì kan tó máa ń wà ní oríta sẹ́ẹ̀lì nínú orí alààyè. Ó kéré lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, pàápàá níwájú ọpọlọ.

Apá kan nínú ìdínkù náà lè jẹ́ ti oògùn fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fún àwọn ọ̀bọ tí ara wọn dá ní haloperidol tàbí olanzapine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú schizophrenia, fún oṣù 17 sí 27, wọ́n sì gbé e jáde ní 2005 pé ọpọlọ wọn fúyẹ́ sí i ní ìdá 8 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ tó yẹ kí dókítà sọ ni, kó sì fi sọ́kàn pé ìwọ̀n oògùn tó kéré jù tó bá lè mú aláìsàn dúró ni kó fún un. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni da oògùn nù. Nígbà tí wọ́n pa ìwádìí 65 pọ̀ ní 2012, àwọn tó ń lo oògùn tí àìsàn padà mú láàárín ọdún kan jẹ́ ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ wọn jẹ́ ìdá 64. Ìpadàmú kọ̀ọ̀kan sì ń gba iṣẹ́, ilé ìwé àti ìgbéyàwó lọ́wọ́ ènìyàn.

Dopamine, àti asofẹ́yẹjẹ

Dopamine ni kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ohun kan tó fiyè sí. Lọ́dọ̀ ẹni tí schizophrenia mú, ọpọlọ ń pèsè rẹ̀ jù ní àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní striatum, ó sì ń tú u jáde nígbà tí kò yẹ. Fèrè ọkọ̀ lójú títì á wá dà bí ẹni pé òun ni wọ́n fọn ọ́n fún. Akéde lórí rédíò á dà bí ẹni tó ń bú u. Láti ibẹ̀ ni ọkàn ti ń wá àlàyé, tí àlàyé náà sì ń di ìgbàgbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè yí lọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Oògùn tó ń dí ojú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba dopamine ló ń mú ìyẹn rọlẹ̀. Chlorpromazine, tí àwọn èèyàn wa mọ̀ sí Largactil, ni àkọ́kọ́, ní Paris lọ́dún 1952. Àmọ́ àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè tipẹ́, Raymond Prince, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, sì kọ nípa rẹ̀ ní 1960. Reserpine wà nínú egbò náà. Ó ń tú dopamine kúrò nínú àpò tí sẹ́ẹ̀lì ń kó o sí, nítorí náà kì í ṣe ìtànjẹ pé ara aláìsàn ń rọlẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìṣòro. Egbò kan lè lágbára ju òmíràn lọ, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Ìfúnpá á já wálẹ̀, oorun á kun aláìsàn, ìbànújẹ́ tó wúwo sì lè tẹ̀lé e. Ẹni tó ti mu àgbo náà tó wá dé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n má lọ gún un ní abẹ́rẹ́ tó tún ń fa ìfúnpá wálẹ̀.

Nínú oògùn olóró tó ti di bárakú, ọ̀nà náà yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn ń da dopamine sílẹ̀ ju bí oúnjẹ tàbí eré bọ́ọ̀lù ṣe lè ṣe lọ. Ọpọlọ á wá dín ojú tó ń gba dopamine kù. Iṣẹ́ Nora Volkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1990 fi èyí hàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo kokéènì. Owó oṣù, oúnjẹ aládùn, ọ̀rẹ́, gbogbo rẹ̀ á ṣá. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ fi máa ń sọ pé ayé kò dùn mọ́, tí ìdílé rẹ̀ sì ń rò pé ọ̀lẹ ni.

Ibi tó ta kókó sí nìyí: bí àwọn onímọ̀ ní London ṣe wọn dopamine lórí àwọn tó ń fa igbó déédéé, ní 2014, wọ́n rí i pé èyí tí ọpọlọ wọn ń pèsè kéré sí ti àwọn tí kì í fà á. Ẹni tó bá ń sọ pé igbó ń fa schizophrenia torí pé ó ń gbé dopamine gòkè, ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju bó ṣe rí lọ.

Ìrònú ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn

Ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ló ń dẹ́rù ba ìdílé, òun náà sì ni oògùn ń tètè ká lọ́wọ́ kò. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró ní ilé ìwé àti lẹ́nu iṣẹ́ ni ìrònú tó ń falẹ̀ àti ìrántí tí kì í di nǹkan mú. Lórí ọ̀pọ̀ ìdánwò, àwọn tí schizophrenia mú máa ń rẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìwọ̀n tó tó máàkì 15 lórí IQ, òṣùwọ̀n làákàyè. Apá kan nínú rẹ̀ ti máa ń wà láti ìgbà èwe, kí ohùn kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò tó ń gbé e jáde jù lọ kò nira láti ṣàlàyé. Lókè ìwé, wọ́n ya àmì mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́mbà tirẹ̀ láti 1 dé 9. Nísàlẹ̀, àmì náà tò lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láìsí nọ́mbà. Ẹ máa kọ nọ́mbà tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, lẹ́sẹẹsẹ, láìfo ọ̀kan, títí ìṣẹ́jú àáyá 90 yóò fi pé. Kò sí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gbọ́dọ̀ sáré gòkè, kó mú àmì, kó sọ̀kalẹ̀ kó tó gbàgbé, kí ọwọ́ kọ ọ́, kí ọkàn má sì sá lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á ti há àmì mẹ́ta mẹ́rin sórí kó tó dé ìlà kejì, kò ní wòkè mọ́. Aláìsàn sábà máa ń wòkè fún gbogbo rẹ̀. Ìdánwò yìí wà lára àkójọ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní MATRICS, tó ń gba wákàtí kan ó lé díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn tó ń lò ó níbí. Ẹni tí kò mọ pẹ́ńsù lò dáadáa yóò rẹlẹ̀ lórí ìdánwò yìí bí kò tilẹ̀ ní àìsàn kankan. Máàkì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà kò ṣeé fi díwọ̀n alágbẹ̀dẹ ní Ìṣẹ́yìn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kàwé dé ibi tó kà á dé ni kí wọ́n fi wé e.

Láyé òde, bó ṣe ń rí nìyí: wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀jọ̀ọ́, kó wọ ọkọ̀ mìíràn, kó ra búrẹ́dì bọ̀. Ó dé Ọ̀jọ̀ọ́, ó dúró. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́ ṣe é. Ọ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ ká nínú iṣẹ́ mẹ́ta náà.

Oògùn tí a ní kò ṣe nǹkan púpọ̀ fún èyí. Ní oṣù September 2024, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Cobenfy, oògùn àkọ́kọ́ fún schizophrenia láti ọ̀pọ̀ ọdún tí kì í dí ojú dopamine. Iclepertin, tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún ìrònú àti ìrántí, já àwọn èèyàn kulẹ̀: ní January 2025, ilé iṣẹ́ tó ni ín kéde pé kò borí nínú àwọn ìdánwò ńlá tó kẹ́yìn.

Oògùn kan wà tó tilẹ̀ ń fi kún ìṣòro, ó sì wọ́pọ̀ nílé wa. Benzhexol ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Artane. Haloperidol àti abẹ́rẹ́ oṣooṣù lè mú kí ọrùn wọ́, kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara le. Artane ló ń tú u. Àmọ́ acetylcholine, kẹ́míkà tí ìrántí ń lò, ló ń dí. Ẹni tó ti ń gbé e mì láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ṣì nílò rẹ̀, lè máa gbàgbé nǹkan nítorí rẹ̀. Àwọn kan tún ń fi ṣe fàájì. Ẹ bi dókítà bóyá ó ṣeé dín kù. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, ẹ má dá a dúró lójijì.

Igbó wá ńkọ́?

Ní Sweden, wọ́n tọpa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ju 45,000 tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e jáde ní 1987: àwọn tó ti fa igbó ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó di ológun, ewu schizophrenia wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà. Ní 2019, Marta Di Forti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn 901 tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wé àwọn 1,237 tí ara wọn dá, ní ìlú 11 ní Yúróòpù àti Brazil. Ẹni tó ń fa igbó tó lágbára lójoojúmọ́ ní ewu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Èyí tí wọ́n kà sí alágbára ni èyí tí THC, kẹ́míkà igbó tó ń pa ènìyàn, inú rẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. THC inú igbó tí àwọn ọlọ́pàá gbà ní Amẹ́ríkà láàárín 1995 sí 2014 gòkè láti ìdá 4 sí ìdá 12. Nítorí náà, bàbá tó ń sọ pé àwọn náà fà á nígbà ọ̀dọ́ wọn, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kì í ṣe ohun kan náà tí "loud" ayé ìsinsìnyí jẹ́ ló fà. "Colorado" tún burú jù. Kẹ́míkà tí wọ́n fín sórí ewé gbígbẹ ni, ó sì ń gbá ibi tí THC ti ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń pè ní CB1, mú pátápátá. THC kì í mú un dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tó ń fa igbó kò ní ya wèrè láyé wọn. Ìdílé tó ti ní àìsàn náà, ọjọ́ orí tó kéré, fífà lójoojúmọ́ àti igbó tó lágbára ló ń pa ewu pọ̀. Ìyà ayé náà wà níbẹ̀: ìwádìí AESOP, tí apá kan rẹ̀ wáyé ní gúúsù London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, rí i ní 2006 pé àwọn aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ní ewu tó tó ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn òyìnbó ibẹ̀, ti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Caribbean sì tó ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ní Jamaica, Trinidad àti Barbados fúnra wọn, kò ga bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Lórí ìrònú, ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù ni ti Dunedin ní New Zealand: àwọn ọmọ 1,037 tí wọ́n tọpa láti ìbí. Ní 2012, wọ́n ní àwọn tó bẹ̀rẹ̀ igbó ní ọ̀dọ́langba tí wọn kò sì jáwọ́ pàdánù nǹkan bíi máàkì IQ 8 kí wọ́n tó di ẹni ọdún 38. Ní 2016, ìwádìí lórí àwọn ìbejì ní Amẹ́ríkà fi Táíwò tó ń fà wé Kẹ́hìndé tí kì í fà, kò sì rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Ó ṣeé ṣe kí ilé àti àdúgbò kan náà ló ń fa igbó fífà àti máàkì tó rẹlẹ̀. Ìgbàgbọ́ tiwa ni pé fífà lójoojúmọ́ láti kékeré léwu, àmọ́ ẹni tó bá dárúkọ máàkì 8 láìdárúkọ àwọn ìbejì, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ìròyìn tó dára náà wà. CB1 tó dín kù lórí àwọn tó ń fa igbó lójoojúmọ́ padà sípò lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n jáwọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2012 ṣe fi hàn. Ti mkpuru mmiri, ìyẹn methamphetamine, pẹ́ jù. Nínú àwọn díẹ̀ tí Volkow tún yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 12 sí 17, ohun tó ń kó dopamine padà sínú sẹ́ẹ̀lì ti ń hù, ṣùgbọ́n ìrántí àti ìyára ọwọ́ kò tíì bá a dọ́gba.

Kàlẹ́ńdà ló ń dájọ́

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́, bóyá igbó ni tàbí àìsàn, ọjọ́ tó ń kọjá ló ní in. Bí igbó nìkan bá ni, ohùn àti ìfura sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí oṣù kan tí kò fà á mọ́. Bó bá ju oṣù kan lọ láìfà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí schizophrenia; oṣù mẹ́fà ni àwọn dókítà ń lò láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí ìdílé kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn: ohun tó ń lò àti iye rẹ̀, ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn, bóyá ìṣesí rẹ̀ ti ń yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àti ẹni tó ti ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí.

Ẹ má gbọ́kàn lé àyẹ̀wò ìtọ̀ jù. Lára ẹni tó ti fà á pẹ́, THC lè hàn nínú ìtọ̀ fún bí oṣù kan lẹ́yìn tó jáwọ́. Colorado kì í sì í hàn nínú àyẹ̀wò igbó tó wọ́pọ̀ rárá.

Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Ní Denmark, wọ́n tọpa àwọn 6,788 tí oògùn olóró dà lórí rú. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde ní 2018, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà ní schizophrenia tàbí àìsàn bipolar, èyí tó ń mú kí inú ènìyàn máa ga jù, kó tún máa rẹlẹ̀ jù. Ti àwọn tí igbó dà lórí rú tó ìdá 47. Ìdajì àwọn tó di schizophrenia ló dì í láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Ọtí, ààwẹ̀ àti fítámì B1

Ìtọ́jú kan wà tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tí ògógóró tàbí paraga ti di bárakú fún kì í jẹun dáadáa, ọtí kì í sì í jẹ́ kí ìfun gba fítámì B1, tó ń jẹ́ thiamine. Èyí tí ara ń tọ́jú pamọ́ kò ju ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Wọ́n wá gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́, wọ́n sì gbé e sínú ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa gbọ̀n, kó máa làágùn, kó máa rí ohun tí kò sí. Wọ́n á ní ẹ̀mí èṣù ló ń jáde. B1 tó ṣẹ́kù á tán, ojú á máa ta sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọkàn á dàrú.

Abẹ́rẹ́ thiamine ló ń dá èyí dúró, kíákíá, bí wọ́n bá sì fẹ́ fa omi gúlúkóòsì sí i lára, kí thiamine ṣáájú tàbí kí wọ́n jọ lọ. Bó bá pẹ́ jù, àwọn ibi kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ á kú. Ẹni náà á máa rántí ogun abẹ́lé dáadáa, kò sì ní rántí ẹni tó bá a jókòó ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ìgbàgbé yìí kì í padà.

Sìgá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lo clozapine àti olanzapine, oògùn schizophrenia méjì, tán. Ẹni tí wọ́n gbà wọ ilé ìwòsàn tí kò rí sìgá fà mọ́, oògùn náà á kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á máa sùn, itọ́ á máa dà, gìrì sì lè mú un. Kí dókítà mọ̀ kó lè dín in kù.

Ohun tó ń ran ìrònú lọ́wọ́

Ìdánrawò ọpọlọ, lórí kọ̀ǹpútà tàbí ìwé, ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ìwádìí 130 tí wọ́n pa pọ̀ ní 2021, pẹ̀lú ènìyàn 8,851, fi èyí hàn. Ohun tó ya èyí tó ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ ni olùkọ́ tó jókòó tì í, àsọtúnsọ, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kọ́ nǹkan, àti kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ gidi tí aláìsàn fẹ́ padà sí. Eré orí fóònù nìkan kò tó. Eré ìdárayá tó ń mú èémí yára náà ń ràn án lọ́wọ́. Nílé, ẹ sọ iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó tún un sọ fún yín, ẹ kọ èyí tó kù sórí ìwé sí i lápò. Èyí kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju ìbáwí lọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì máa kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí wòlíì. Oye Gureje ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá wọn jà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2020 lórí aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa lọ bá aláìsàn níbi tí oníṣègùn tàbí wòlíì ti ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní oògùn níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sí ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2023 ti rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló kù kí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn ní ilé aṣòfin wọn.